Ọpọ́n Ìwẹ̀ Kejìlá

Ó ti tó wákàtí méjì tí Púlọ́ḿbà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú balùwẹ̀ ara rẹ̀, tó ń fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ yọ táìlì kúrò lára ọpọ́n ìwẹ̀. Kò lù ú bí ẹni tó ń bínú. Ó ń lù ú bí ẹni tó mọ ibi tí nǹkan náà ti máa yẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Táìlì tó bá yọ láìfọ́, á nù ún, á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí tó bá fọ́, á pòṣé lé e lórí, á jù ú sínú garawa.

Ọpọ́n náà funfun, ó gùn tó èèyàn ní ìdùbúlẹ̀, òun nìkan ló sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú balùwẹ̀ náà. Etí rẹ̀ ga ju orúnkún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, kó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró lórí táìlì tútù, kó tó lè wọ inú rẹ̀. Bó bá wọ inú rẹ̀ tán, á dúró, á máa bu omi láti inú garawa dà sára. Nínú gbogbo ojúlé méjìlá tó wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, kò sí ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ sínú ọpọ́n ìwẹ̀ rí. Ta ló máa fi omi tó fi ṣan ìdọ̀tí kúrò lára tún ra ara? Alágbàfọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ń rẹ aṣọ oníbàárà sínú tirẹ̀. Ojúlé kan ń pọn omi sí i, òmíràn kó àlùbọ́sà sí i. Àwọn tọkọtaya tó wà lókè pátápátá tẹ́ tìmùtìmù sínú tiwọn fún ọmọ wọn, ọmọ náà sì ń sùn níbẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n òfin ní ilé tí kò bá ní ọpọ́n ìwẹ̀ kì í ṣe ilé. Ẹni tó kọ òfin náà ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ bí òun ṣe ń wẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ilé náà ra ọpọ́n méjìlá tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lọ́jà. Òfin kò dárúkọ ihò tí omi máa gbà jáde nílẹ̀, nítorí náà wọn kò ṣe ihò kankan sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá Púlọ́ḿbà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè láti wẹ̀, ẹsẹ̀ òsì sì yọ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Àná ni ilé ìwòsàn ní kó máa bọ̀ nílé. Nọ́ọ̀sì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ han Púlọ́ḿbà, ó ní ìyá kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ ga ju báyìí lọ mọ́ láyé. Àga kékeré ni kó máa jókòó lé, kí wọ́n máa bu omi dà á lára.

“Bàbá Ìbejì, gbogbo ilé ti jí o,” ni ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Aránṣọ ni, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. “Ẹ ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá wúrà.”

“Wúrà kọ́. Ihò ni mò ń wá.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń di ihò fún gbogbo ayé.”

Púlọ́ḿbà kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ eruku kúrò lójú irin rẹ̀. “Bá mi gbé garawa yẹn kúrò.”

Obìnrin náà gbé e. “Wolé-wolé ńkọ́? Ẹ ò sọ pé ó ń bọ̀ wá yẹ ilé wò?”

“Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Tó bá ku ọ̀la, màá gbé ọpọ́n padà síbẹ̀, màá fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró lásán. Á wò ó, á kọ ọ́ sínú ìwé, á lọ. Ọjọ́ kejì, màá tún gbé e jáde. Kí ló le níbẹ̀?”

“Ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí.”

“Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí.”

Òótọ́ ni. Níbi iṣẹ́ kan, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé ọpọ́n kan ṣoṣo gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, láti ojúlé dé ojúlé, bí wolé-wolé ṣe ń gba àtẹ̀gùn iwájú bọ̀. Ogójì ojúlé, ọpọ́n kan. Bí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀, wọ́n á fi aṣọ nu òógùn ọwọ́ wọn kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

“Ẹ tún ṣe èyí tó ju ìyẹn lọ,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Èwo nìyẹn?”

“Ẹ jẹ́ n má sọ.”

“O ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ná. Sọ ọ́.”

“Ta ló ní kí wọ́n gbé ọpọ́n yìí ga báyìí?”

Òòlù dúró. Púlọ́ḿbà gbé e kalẹ̀. Òun ni fóòmáànù nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà. Abẹ́ ilẹ̀ ló yẹ kí páìpù tó ń gbé omi ọpọ́n jáde gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn á gba páìpù púpọ̀, á sì gba kí wọ́n gbẹ́ sìmẹ́ńtì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òun ló dá a lábàá pé kí páìpù gba orí ilẹ̀, kí wọ́n sì to bíríkì gbé ọpọ́n lé e lórí. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ mú ojúlé tó bá wù ú láti yá.

“Wọ́n ní ẹni tó bá máa gbẹ́ kòtò ìkà, kó gbẹ́ ẹ mọ níwọ̀n,” ni obìnrin náà wí jẹ́ẹ́.

“Kì í ṣe kòtò ìkà ni mo gbẹ́. Páìpù ni mo dín kù.”

“Ẹ dín in kù lóòótọ́.”

“Ìyá Ìbejì, ìyá mi ló ṣubú. Kì í ṣe ìyá rẹ.”

“Háà!” Ó káwọ́ lérí. “Ta ló ń fọ aṣọ wọn? Ta ló sùn lórí àga ilé ìwòsàn títí ọrùn fi wọ́? Ẹ ní kì í ṣe ìyá mi? Ẹ tún un wí, kí wọ́n gbọ́ ọ níbi tí wọ́n wà!”

Ìyá náà gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ wá láti inú yàrá, ó tinrín, ṣùgbọ́n ó já geere.

“Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀wà ń jóná o! Ẹ jẹ́ kí ìjà dúró kí ẹ̀wà jinná. Ìjà kì í jóná.”

Ìyàwó sáré lọ sídìí iná. Púlọ́ḿbà tún gbé òòlù rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn fi máa kan fèrèsé, àwọn méjèèjì ti jọ gbé ọpọ́n náà jáde. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju “gbá ibẹ̀ mú” àti “rọra” lọ. Kò sí ibòmíràn tí ọpọ́n náà lè gbà ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbé e sí, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí yàrá gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀ kọjá. Púlọ́ḿbà gbẹ́ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ sí ilẹ̀ balùwẹ̀, ó jìn tó ìka méjì, ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síbi páìpù ńlá tó ti òkè sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ní igun. Ó dá ihò sí ara páìpù náà nílẹ̀, ó fi ike so ó pọ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ sìmẹ́ńtì sí i, irú èyí tó máa ń gan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó da ife omi kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Omi náà ronú díẹ̀, ó mọ ọ̀nà, ó ṣàn lọ sí igun, ó wọlé lọ.

“Ẹ gbé àga wá,” ló wí.

Òun ló gbé ìyá rẹ̀ kọjá lórí ọpọ́n tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá náà fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ó gbé e kalẹ̀ lórí àga kékeré láàárín balùwẹ̀, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé mọ́ ìyá àti ìyàwó rẹ̀, ó sì dúró síta pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lọ́wọ́.

Ó gbọ́ bí garawa ṣe ń ró. Ó gbọ́ tí igbá ń bu omi.

“Ìyàwó mi, má ṣe rọra. Ṣé ẹyin ni mí ni? Ha á!”

“Màmá, ibi egbò iṣẹ́ abẹ ńkọ́?”

“Egbò ti jinná. Ẹ̀yìn mi ló ń yún mi. Ibẹ̀ yẹn. Sókè díẹ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń nù mí bí ẹni ń nu tábìlì. Mo ní, nọ́ọ̀sì, bu omi dà mí lára, ó ní mi ò lè dìde, kí n dùbúlẹ̀. Mo ní òkú ni wọ́n ń wẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo sọ fún un. Inú bí i. Dà á lé mi lórí. Dà á.”

Omi dà. Ìyá Púlọ́ḿbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pẹ́. Púlọ́ḿbà ń wo ilẹ̀kùn. Ó rí i nínú ọkàn rẹ̀ bí omi náà ṣe ń ṣàn lọ sí igun, bó ṣe yẹ kó ti máa ṣàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé.

Nígbà tí wọ́n jẹun, ẹ̀wà náà rùn èéfín díẹ̀. Ìyá wọ aṣọ mímọ́, orí rẹ̀ tutù, ó jẹ ẹ̀wà jóná ní ìlọ́po méjì ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. “Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu,” ló wí. “Ẹ ṣeun. Ẹ má bá ara yín jà mọ́ nítorí mi.” Tọkọtaya náà wo àwo wọn. Ìyàwó bu ẹran tó wà níwájú rẹ̀ sínú àwo ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ sì parí síbẹ̀.

Wọn ò tíì palẹ̀ àwo mọ́ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àwọn méjì ló wọlé: Alága àwọn ayálégbé, tó jẹ́ akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, àti Alágbàfọ̀ láti ìsàlẹ̀. Alága fẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó fi orúnkún gbá ọpọ́n ìwẹ̀.

“Kí lèyí ń ṣe níbí?”

“Ó jáde wá gba afẹ́fẹ́,” ni Alágbàfọ̀ wí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ojú Alága ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu tirẹ̀ náà.

“Ẹ jókòó, sà,” ni Púlọ́ḿbà wí. “Ẹ̀wà ṣì kù.”

“Mi ò wá jẹ ẹ̀wà. Mo ti ń gbọ́ òòlù láti àárọ̀, mo ní bóyá ẹ ń tún nǹkan ṣe ni. Púlọ́ḿbà, wolé-wolé ń bọ̀ lónìí.”

“Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sọ.”

“Wọ́n ti yí i padà. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn. Aago mẹ́ta ọ̀sán òní. Ẹ gbé nǹkan yìí padà.”

Púlọ́ḿbà fi ẹ̀yìn ti àga. “Kò burú. Ìdajì wákàtí ni. Màá fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró. Tí wọ́n bá lọ, màá tún gbé e jáde.”

“Ẹ ò lè gbé e jáde mọ́. Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń gbé bọ̀.”

“Òǹtẹ̀ wo?”

“Òfin tuntun. Irin pẹlẹbẹ kan ni, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Apá kan á lẹ̀ mọ́ ọpọ́n, apá kejì á lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá yọ ọ́, á ya sí méjì. Wọ́n á sì máa wá wò ó lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Ẹni tí tirẹ̀ bá ya, ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́.” Alága mi orí. “Àwọn aláìṣòótọ́ kan ló fà á. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n ń gbé ọpọ́n kan ṣoṣo sáré kiri gbogbo ojúlé. Irú èèyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

Ìyàwó Púlọ́ḿbà yíjú sí ọkọ rẹ̀. Púlọ́ḿbà ń wo ògiri.

“Ẹ ní kí ìyá wa ṣe báwo?” ni obìnrin náà bi àwọn àlejò. “Wọn ò lè gbẹ́sẹ̀. Òní ni wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú.”

“Ìyá Ìbejì, a ò sọ pé kí ìyá má wẹ̀. A ní kí ọpọ́n padà síbi tó wà.”

“Níbo ni wọ́n á ti wẹ̀? Ní ilé ìdáná? Omi á ya lu Alágbàfọ̀ lórí nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ń fi tiyín kó àlùbọ́sà, Alága. Wọ́n ń fi tòkè ṣe ibùsùn ọmọ. Ta ló ń lò ó nínú yín?”

“Òfin kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Pé kó wà ló béèrè.”

“Ẹ wolẹ̀ fún òfin, ẹ fi ìyá mi sílẹ̀!”

“Ó tó, Ìyá Ìbejì,” ni Alágbàfọ̀ wí. Ó ti ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ láti ìgbà tó ti wọlé. Àmì iná wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. “Ẹ wo ọwọ́ mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń fi irin ẹléèédú lọ aṣọ, nítorí ilé wa kò tíì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wolé-wolé, nítorí bẹ́ẹ̀ wọn ò lè so iná mọ́ ilé wa. Oníbàárà mi tó kù kò tó mẹ́wàá. Àpá iná ló wà lára aṣọ àwọn tó lọ. Nígbà tí wolé-wolé wá níjelòó, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló yọ ní ojúlé kẹrin. Kan ṣoṣo! Wọ́n ní gbogbo ilé kò yege. Tí wọ́n bá tún dá wa padà lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wí fún mi, kí n pa dà lọ sọ fún àwọn ọmọ mi pé nítorí kí ni?”

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Gbogbo wọn ló jàre, ẹni tó jẹ̀bi kò sí nínú yàrá. Bóyá ó wà níbẹ̀ díẹ̀.

“Jẹ́ kó gbé e padà.”

Ìyá arúgbó ló sọ̀rọ̀. Ó ti gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀.

“Màmá, ẹ dákẹ́ ná.”

“Mo ti dákẹ́ tó. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Iná ń bọ̀ wá bá ojúlé méjìlá, kí n wá fi ìbàdí mi dínà rẹ̀?” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Lẹ́yìn ìgbà tó o bá gbé e padà, gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ.”

“Ọ̀dọ̀ Àǹtí?” ni ìyàwó kígbe. “Àǹtí tí kì í sí nílé láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú? Ta ló máa gbé yín dìde lọ́sàn-án? Ta ló máa fún yín lómi mu?”

“Balùwẹ̀ wọn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì lásán ni.”

“Ta ló máa gbé yín dé balùwẹ̀ ọ̀hún?”

Ìyá ń fi ọwọ́ nu omi tó kù lórí rẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká máa nù yín ní yàrá. Màá máa gbé omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ wá. Láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́.”

“Mo ti sọ ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ fún ẹ,” ni ìyá wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n kò fàyè sílẹ̀.

Alága kọjú sí ọ̀nà. Ó ní òun máa bá àwọn tòkè sọ ọ́ kí wọ́n gbé ọmọ kúrò nínú tiwọn. Alágbàfọ̀ gun ọpọ́n kọjá, ó yí padà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì lọ.

Púlọ́ḿbà kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà omi tó gbẹ́ láàárọ̀, ó fi sìmẹ́ńtì dí i. Ihò tó dá sí ara páìpù, ó fi ike dé e, ó sì fún un pinpin. Ó to bíríkì mẹ́rin mẹ́rin, ó so páìpù ọpọ́n padà sórí ilẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbé e. Ó tẹ òṣùwọ̀n lé e lórí láti mọ̀ bóyá ó tẹ́jú. Ó tẹ́jú. Ó to táìlì tó ti nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi àwọn tó ṣẹ́kù láti ibi iṣẹ́ dípò èyí tó fọ́. Kò ṣe é gbà-má-pọ̀-ọ́-rojọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró, ó ń wò ó.

“Ẹ ò jẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ tún fẹ́ kó lẹ́wà ni?”

“Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ṣe é,” ló wí.

Ó ń nu ojú táìlì tó kẹ́yìn nígbà tí wolé-wolé wọlé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, awò wà lójú rẹ̀, ó gbé àpò awọ kan tó ti gbó létí. Kò kígbe, kò ṣe fáàrí. Ó kí gbogbo ilé, ó kí ìyá arúgbó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ka ẹ̀rọ omi, ó ka ilẹ̀kùn, ó tẹ ibi ìtanná. Nígbà tó dé balùwẹ̀, ó fi ìka kan sìmẹ́ńtì.

“Ó tutù.”

“Mò ń tún un ṣe ni, sà.”

“Ẹ̀yin lẹ ṣe é? Iṣẹ́ yín mọ́.” Ó ṣí ìwé rẹ̀. “Ọpọ́n ìwẹ̀, ọ̀kan. Èyí ni ìkejìlá.”

“Ọ̀gá,” ni ìyàwó Púlọ́ḿbà wí. Ó ti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́. Ìyá wa ṣubú níbẹ̀, ìbàdí wọn ṣẹ́. Wọn ò lè wọ inú ẹ̀ mọ́. Ṣé kò sí ibì kan nínú òfin yín tó sọ̀rọ̀ wọn?”

Wolé-wolé wo ìyá arúgbó. Ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn, ó ṣí i síwájú, ó ka ojú ewé kan títí, ètè rẹ̀ ń mì. Kì í ṣe ẹni tó ń díbọ́n.

“Ó wà fún ilé ìwòsàn,” ló wí. “Ó wà fún ilé tí wọ́n ń kó àwọn àgbàlagbà sí. Ojúlé inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sí níbẹ̀. Ẹ lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Wọ́n máa ń dáhùn.”

“Lẹ́yìn ìgbà wo?”

“Èyí tí mo rí rí, ọdún kan lé díẹ̀ ni.”

“Ẹ̀yin náà, ọ̀gá, ṣé ẹ máa ń dùbúlẹ̀ sí i?”

Wolé-wolé yọ awò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún. “A kó ìwé àwọn ọmọ sínú tiwa,” ló wí. “Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá tèmi ti ń wẹ̀.”

Ó fi awò náà sójú padà. Ó mú irin pẹlẹbẹ jáde nínú àpò, ó ya bébà ẹ̀yìn rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ọpọ́n àti ògiri. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ka nọ́ńbà nínú ọkàn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ tí ariwo ayọ̀ sọ nísàlẹ̀.

Ìyàwó Púlọ́ḿbà di ẹrù ìyá: aṣọ mẹ́ta, oògùn, búrẹ́dì kan. Ó wo aago. Àwọn ìbejì ò ní pẹ́ dé láti ilé ìwé, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà nílé. Ó fi ọ̀já so àpò náà mọ́ ọkọ rẹ̀ láyà. Ó fẹ́ tún aṣọ ìyá ṣe lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

“Ẹ sọ fún Àǹtí pé Màmá kì í fẹ́ omi tó gbóná jù.”

“Màá sọ fún un.”

“Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ra ẹ̀yìn Màmá. Apá òsì, lókè.”

“Màá sọ fún un.”

Ìyá di orí ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú. “Mo ti ń dá wẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, ìwọ ọmọ yìí. Jẹ́ n lọ.” Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò tú orí náà sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Púlọ́ḿbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ rọra gbé ìyá lé e lẹ́yìn. Ó mú ọwọ́ mọ́ ògiri bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn kó tó mú èkejì bá a. Ní ìsàlẹ̀, gbogbo ayálégbé ti yí Alága ká. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹnìkan ń fi ẹnu lu ìlù, Alágbàfọ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ lérí ó ń jó. Ọmọ òkè tí wọ́n gbé jáde nínú ọpọ́n ń sunkún léjìká bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí Púlọ́ḿbà lórí àtẹ̀gùn àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ijó náà dúró, ìlù ẹnu náà sì dúró.

“Ẹ kú oríire iná o,” ni ìyá arúgbó wí.

Ìkíni tó ní èsì ni. Ọmọ kékeré mọ èsì rẹ̀. Ẹnu bíi mẹ́wàá ló là, kò sí èyí tó dáhùn. Alágbàfọ̀ sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ fà á kúrò lọ́nà.

Púlọ́ḿbà gba àárín wọn kọjá, ó tún ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ gbé, ó sì yà sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra.